Àṣìṣe Mẹ́tàlélógún

Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èyí tí Fàúzíyàtù pọ̀n yìí, òun kọ́ ló bí i.

Òun ló kọ́ ojú-òpó ayélujára fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin elépo ní Ifangni. Ilé-iṣẹ́ kan ní Cotonou fẹ́ máa ra epo pupa wọn lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ní afọ́jú tó ń fi ẹ̀rọ kàwé gbọ́dọ̀ lè ka ojú-òpó náà. Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò wọn yóò wò ó. Bó bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, ó parí nìyẹn.

Àṣìṣe mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Fàúzíyàtù wá a títí, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀. Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó fi kọ́ ojú-òpó náà ló ń fúnra rẹ̀ to àwọn àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú rẹ̀, tó ń ki èyí tí kò yẹ bọ inú òmíràn. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni irinṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ gbọ́ èsì! Ta ni yóò bá a mú wọn?

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà ló ti jókòó, tó ń fọwọ́ tún àwọn àmì náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí àṣìṣe mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ìyá Léontine, olórí ẹgbẹ́, pè é láti Tchaada, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn.

“Ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ orúkọ Ìyá Ọ̀ṣuntóyè wà lábẹ́ tèmi lórí ojú-òpó náà. Àgbà wa ni, kò bójú mu. Mo ti fi fóònù gbé e sókè bí o ṣe kọ́ mi. Voilà, ó ti wà lókè.”

Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan orúkọ kan báyìí, irinṣẹ́ náà á tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fàúzíyàtù mọ̀, kò sì rántí sọ fún Ìyá Léontine. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: mẹ́tàlélógún.

“Ṣé mo ṣe dáadáa?”

“Ẹ ṣe dáadáa, Màmá.”

Nínú fóònù, ó ń gbọ́ Ìyá Ọ̀ṣuntóyè tó ń ṣàdúrà fún un, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó ṣe àmín. Aago méjìlá lù.