Onítáì àti Onírùngbọ̀n

Nígbà yẹn, Bàbá ṣì wà láyé. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wọn náà ṣì wà láyé. Ẹsẹ̀ Bàbá nìkan ló ti kú ṣáájú. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin ọmọkùnrin ilé yìí dà? Oòrùn ti ta, bàbá yín ṣì wà nílẹ̀ bí ẹrù tí kò ní ẹlẹ́rù!"

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Bàbá ti kọ̀ṣẹ́, ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló máa ń gbé e láràárọ̀ láti orí ibùsùn sórí àga. Káfíńtà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀. Oníná, àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ wáyà, á gbé ẹsẹ̀. Eegun Bàbá wúwo, ẹnì kan kò lè dá a gbé. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé bó bá ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á dá egbò, egbò náà á sì pa á.

Káfíńtà yọrí láti yàrá tirẹ̀, fóònù lọ́wọ́. "Màámi, èmi àti Oníná ò ní jọ di nǹkan mú mọ́ láyé."

Oníná fèsì láti pálọ̀: "Ẹ má da ara yín láàmú, Màámi. Èmi gan-an ti yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rẹ́."

"Nínú kí ni?"

"Ọ̀rẹ́. Lórí fóònù."

Ìyá wò ó láti orí dé àtàǹpàkò. "Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀rẹ́ ni mo bí fún ẹ? Ọmọ ìyá ni mo bí. Fi ibi tí wọ́n ti ń yọ ọmọ ìyá hàn mí níbẹ̀, kí n rí i."

Ọ̀rọ̀ ìjọba ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ọkùnrin méjì ló ń du ipò olórí orílẹ̀-èdè. Ìyá kò mọ orúkọ wọn, kò sì ṣe tán láti mọ̀ ọ́n: Onítáì ló ń pe ọ̀kan, ó ń pe èkejì ní Onírùngbọ̀n. Káfíńtà ń gbèjà Onítáì lórí ayélujára láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, eruku sì ń bo àga oníbàárà tí kò tíì kàn tán. Ti Onírùngbọ̀n ni Oníná ń ṣe. Ó mọ iye ìgbà tí ọkùnrin náà wúkọ́ nílé aṣòfin. Kò mọ kíláàsì tí ọmọ tirẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lójú gbogbo ayé, pé àgbàyà ni. Káfíńtà dá a lóhùn pé ọmọ àlè ni.

Ìyá ní kí ìyàwó Káfíńtà kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ló pe Káfíńtà.

"Ta ni bàbá Oníná?"

"Bàbá wa ni, Màámi."

"Àlè wo ni mo wá bí i fún? Ṣé ìwọ lo gbé àtùpà fún mi débẹ̀?"

"Màámi, ọ̀rọ̀ òṣèlú là ń sọ, kò kàn yín."

"Òṣèlú ló lóyún ẹ̀?"

Ìyàwó Káfíńtà sá jáde kí ẹ̀rín má baà pa á.

Òun àti Ìyá ló wá ń yí Bàbá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Wọn ò lè gbé e dìde. Lọ́sẹ̀ kẹta, egbò yọ. Bàbá kò ráhùn. "Ẹ má dí ìjọba lọ́wọ́," ló wí. "Èmi aráàlú ni mo dùbúlẹ̀ síbí."

Nígbà tí oṣù fẹ́ parí, àwòrán kan jáde. Onítáì ti wọlé, ó ti fi Onírùngbọ̀n ṣe mínísítà, àwọn méjèèjì dì mọ́ra, eyín wọn funfun báláú. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó Káfíńtà, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ síta, ó nà án sí wọn.

"Ọgbọ́n òṣèlú nìyẹn," Káfíńtà wí.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni," Oníná wí. "Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹlòmíì ni mò ń tẹ̀ lé báyìí."

"Àwọn tẹ́ ẹ torí wọn jà ti parí ìjà. Ẹ lọ gbé bàbá yín."

"Kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì níbi tó ti bú mi, kí ayé rí i," Káfíńtà wí.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ pa èyí tí wọ́n kọ rẹ́."

Ìyá pòṣé. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú," ó wí, ó sì padà wọlé.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara Bàbá gbóná bí ààrò. Ìyá ń gé èékánná rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ náà rọ̀ jọwọrọ. Ó pa ojú rẹ̀ dé. Ó ń gbọ́ ohùn Káfíńtà láti yàrá kan àti ti Oníná láti èkejì, oníkálùkù ń bá fóònù rẹ̀ jà. Kò pe ẹnì kankan nínú wọn. Ó wé gèlè rẹ̀, ó sọdá sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lódìkejì títì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bíríkìlà. Mo ń wá ẹni méjì tó lágbára."

"Kí la fẹ́ bá yín gbé, Ìyá?"

"Ọkọ mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú báyìí."

Àgbà inú wọn sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Háà! Ẹ ò ní ọmọkùnrin nílé ni?"

"Mo ní méjì," Ìyá wí. "Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe."