Àmì Mẹ́ta Lórí Orúkọ Don Cástulo

Inú ti ń bí Leocadia bọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí Don Fidencio alágbẹ̀dẹ gbé àgbélébùú irin tó rọ fún ibojì Don Cástulo, bàbá Leocadia, síta ni ara rẹ̀ gbóná gan-an. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀: CASTULO IBANEZ. Kò sí àmì lórí A méjèèjì, kò sí ìlà wíwọ́ lórí N, bí ó ṣe yẹ kí Cástulo Ibáñez rí.

“Bàbá Fidencio, kí lẹ kọ síbí yìí?”

“Orúkọ bàbá ẹ ni.”

“Bàbá tèmi kọ́! Ṣebí mo kọ ọ́ sínú ìwé fún yín, tòun ti àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

Alágbẹ̀dẹ náà nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. “Lẹ́tà ńlá kì í gba àmì. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn.”

“Ta ló kọ́ yín nírú irọ́ yẹn?”

“Tíṣà mi ni. Ó ti kú. Lọ bá a jà.”

Leocadia fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ogójì ọdún ni Don Cástulo fi kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù gbogbo ìlú náà, látorí ti alápatà dórí ti onígbàjámọ̀. Bí ẹlòmíràn bá kọ pátákó láìfi àmì sí i, bàbá yìí á gbé àkàbà rẹ̀ lọ ní ìdájí, á fi àmì sí i lọ́fẹ̀ẹ́, kí onílé tó jí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ ní ìhòòhò! Ọ̀la sì ni ọjọ́ kẹsàn-án àdúrà òkú, tí ẹbí á ru àgbélébùú lọ sí ibojì. Kò ṣeé sún síwájú.

“Ẹ dákun, ẹ bá mi fi kún un.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣebí èmi náà ni mo rọ àgbélébùú ìyá ẹ? Bàbá ẹ ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ sí i, kò fi àmì kankan sí i. Lọ wò ó.”

“Ẹ má purọ́ mọ́ òkú o!”

Ó já jáde nínú oòrùn ọ̀sán, ó gba itẹ́ òkú lọ. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó lè padà wá fi àbùkù kan arúgbó náà.

Àgbélébùú ìyá rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìrántí àwọn òkú bá pé, bàbá rẹ̀ ló máa ń gbé òdòdó bébà kọ́ sórí orúkọ náà, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Leocadia ti rò pé ìfẹ́ ni. Ó gbé òdòdó náà kúrò.

OTILIA MUNIZ. N náà kò ní ìlà wíwọ́.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́. Òun nìkan ló ń fa ìdí Z gùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ti ṣàn sílẹ̀ lára M. Leocadia wá rántí bí ọwọ́ bàbá náà ṣe ń gbọ̀n lọ́jọ́ tó kọ ọ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó ń gun àkàbà nítorí orúkọ onígbàjámọ̀, kò lè gbé búrọ́ọ̀ṣì padà sórí orúkọ yìí. Ó ń fi òdòdó bò ó.

“Ẹ̀yin náà, Bàbá!” ó pariwo. “Ẹ̀yin náà!” Inú bí i sí bàbá náà débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

Lẹ́yìn náà, ó lọ sílé lọ mú búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó lọ ṣe ti bàbá. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Don Fidencio tẹjú mọ́ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ọ̀dà ti ṣàn,” ó ní. “Bàbá ẹ ò ní gba èyí.”

“Mo mọ̀,” Leocadia dáhùn. “Ẹ gbé e, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”