Fèrè Tí Kò Mu Ọtí

“Nínú gbogbo ìlú El Alto, ẹ wá ẹlòmíràn tó lè gé ọparun kó sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ọ̀bẹ mi yìí fá irùngbọ̀n mi.”

Bí Casiano Chuquimia, tí wọ́n ń pè ní Tata, ìyẹn bàbá, ṣe ń fọ́nnu nìyẹn nínú àgbàlá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, fìlà tuntun lórí. Irùngbọ̀n tó ń wí ọ̀hún kò sí lágbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, nítorí náà kò sí ohun tó máa sọnù. Àwọn ọkùnrin tó jókòó yí i ká ń jẹ ewé koka, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kan sáárá sí i. Ẹgbẹ́ afọnfèrè àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n wá gba fèrè siku tuntun kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ síbi ìdíje.

Siku kì í dá sọ̀rọ̀. Ọ̀pá ọparun gígùn àti kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ ni, ìbejì sì ni. Èyí tó ń jẹ́ ira ló ń lé, arka, ìkejì rẹ̀, ló ń gbè. Ohùn tí ọ̀kan kò ní, ọwọ́ èkejì ló wà. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan dání dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan lọ síbi ìgbéyàwó. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e kò sì pọ̀ mọ́, nítorí iléeṣẹ́ ìṣó, iléeṣẹ́ aṣọ àti iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ti gba gbogbo ọwọ́ tó dáa nílùú tán. Ìdí nìyí tí Tata Hilarión Tarqui, olórí ẹgbẹ́, fi dìde, tó fa ṣòkòtò sókè, tó sì kéde pé àdúgbò ti fún Tata Casiano ní yàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni olùkọ́ tí yóò fi iṣẹ́ ọparun lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, kó má baà bá àwọn àgbà wọlẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Casiano tẹríba, ó sì fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ siku tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀pá gígùn, òun fúnra rẹ̀ ló gé wọn. Àwọn kéékèèké tí ohùn wọn máa ń han gooro, ike ni. Ike tí àwọn oníná ń gba wáyà kọjá ni: ó rà á lọ́jà Ọjọ́bọ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa tó jọ àwọ̀ ọparun gbígbẹ, ó sì fi òwú so ó mọ́ àwọn ojúlówó. Eusebia ìyàwó rẹ̀ gan-an rò pé àga ló fẹ́ fi ọ̀dà náà kùn.

Siku tuntun kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbígbẹ. Ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un: díẹ̀ sílẹ̀ fún Pachamama, Ìyá Ilẹ̀, ìyókù sínú ihò ọ̀pá. Ọparun á mu ún, á wú, ohùn á sì nípọn. Casiano ló máa ń dá a ṣe kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ yìí náà ó ní òun ti fún wọn mu. Hilarión ní wọ́n ń fi í jẹ olùkọ́ lónìí, ojú gbogbo ayé ni siku gbọ́dọ̀ ti mu ún. Casiano ní ọtí àmujù ń ba fèrè jẹ́.

“Ìgbà wo lo di wòlíì, Casi?” ni Hilarión wí. “Ìwọ tí ìgò ọtí máa ń sá fún?”

Ó mú siku kan, ó da ọtí sí i. Ọparun mu tirẹ̀. Nígbà tó dorí rẹ̀ kodò, àwọn kéékèèké da gbogbo ohun tí wọ́n gbà padà sínú apá ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀kán kan kò dín. Ó wò ó tìyanu-tìyanu. Ó gbé e sẹ́nu, ó fọn ọ́n. Nígbà tó fi gbé e kúrò, ètè rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ọmọ tó jí epo lá, ọtí ti bó ọ̀dà, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sì funfun báláú.

“Ike,” ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ni Casiano ń wò, ilẹ̀ kò sì là. Hilarión bú u tán pátápátá: ó pè é ní ọ̀lẹ, ó pè é ní ẹni tó fi ike bo ojú àwọn baba ńlá, ó ní irú rẹ̀ ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tí èémí rẹ̀ tán ló tó bèèrè ìdí.

Casiano ṣí fìlà.

“N kò gbọ́ wọn mọ́. Àwọn kéékèèké. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ìṣó ti jẹ etí mi. Mo fọn ọ́n, atẹ́gùn lásán ni mo gbọ́. Ike kò nílò etí, ìwọ̀n lásán ni mo fi ń gé e. Ọwọ́ mi ṣì mọ̀nà, Hilarión, ojú ló tì mí láti sọ ìyókù.”

“Láti ìgbà wo?”

“Èyí tẹ́ ẹ fi gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, ike náà ni.”

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Hilarión. Lọ́dún náà, lórí rédíò, ó sunkún, ó ní nínú àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn òun gbọ́ ohùn òkè tí bàbá bàbá òun ti da àgùntàn. Nemesio, tó ń fọn arka sí ira Hilarión, ló bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Tata, òkè wo lẹ gbọ́?”

Hilarión nu ẹnu, ọ̀dà náà sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ló wí. “Iléeṣẹ́ ìṣó kan náà la jọ ṣe. Àyà tìrẹ ni mo máa ń wò, Nemesio. Tó bá ti wú tó sì rọ̀, mo mọ̀ pé ó kàn mí.”

Nemesio sún mọ́ ọn. “Tata, àyà yín lèmi náà ń wò.”

Wọ́n wo ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ilé ìṣó ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó tún lè bú Casiano, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Casiano ní kí wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíràn. Hilarión bèèrè pé ta ni, wọ́n sì wá a lójú ara wọn, wọn kò rí i. Wọ́n jókòó báyìí, olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú ètè pupa, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pẹ̀lú fìlà lórí itan.

Eusebia ti ẹnu ọ̀nà wọlé.

“Ọkọ̀ yín ti ń tẹ hóònù tó ń han gooro níta látàárọ̀,” ló wí. “Ó ti lọ.”