Igi Tó Wọ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ìkánjú ló ba tèmi jẹ́, mi ò ní purọ́. Ọgọ́ta igi ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ kíka igi ìgboro ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa kà lójúmọ́ ní àdúgbò Mengo. Wàá dúró nídìí igi, wàá tẹ fóònù kó mọ ibi tó wà, wàá wọn ìdí rẹ̀, wàá ya fọ́tò, wàá sì kọ ọ́ bóyá ara rẹ̀ le tàbí ó ń kú lọ. Èyí tó bá ń kú lọ létí títì, àwọn agégi á gé e kó má baà wó lu èèyàn. Bí mo ṣe ń sá kiri nìyẹn, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo kan igi mutuba kan létí títì tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé láti ìdí dé ẹ̀ka. Mo ṣí ewé náà díẹ̀. Áà! Ìhòòhò ni igi wà lábẹ́ ewé! Kò sí èèpo, ara rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Mo tẹ "ó ń kú lọ", mo fi ránṣẹ́, mo bá tèmi lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ń jẹ matooke, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, mo fi fọ́tò rẹ̀ han màmá mi. Ẹ̀rín pa wọ́n.

"Nakimera, ìwọ ọmọ ìgboro yìí! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo rẹ̀ láti lù ú di aṣọ ni. Ewé yẹn ni wọ́n fi bò ó kí òòrùn má pa á títí èèpo tuntun á fi hù. Iṣẹ́ wo ni bàbá bàbá rẹ ń ṣe jẹun?"

"Wọ́n ń lu aṣọ èèpo igi, Mọ́mì."

"O kúkú mọ̀! Kí wá lo kọ nípa igi olóore?"

Mo ju oúnjẹ sílẹ̀. Mo fẹ́ yí ohun tí mo kọ padà, fóònù kọ̀. Mo pe ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹfà, kò gbé e. Àárọ̀ Sátidé ló tó dá mi lóhùn: "Ó ti dọ́wọ́ àwọn agégi. Mengo ni wọ́n wà báyìí."

Yéè! Mo fò sórí ọ̀kadà láì bọ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

"Àǹtí, ṣé ẹ jalè ni?"

"Ó burú ju olè lọ. Ẹ ṣáà sáré!"

Mo ń gbọ́ ariwo ayùn láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Igi ti wà nílẹ̀ nígbà tí mo dé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn agégi ń kó irinṣẹ́ wọn. Bàbá arúgbó kan jókòó ti igi náà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, Ssaalongo Kaweesa, ẹni tó ni igi.

"Mo sọ fún wọn," ni bàbá wí. "Wọ́n ní fóònù ní ó ń kú lọ."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Bàbá fọwọ́ kan igi náà. "Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni mo ti bó igi yìí, kò kú. Ìwọ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan péré."

Ojú tì mí débi pé mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Wọ́n wá gé ẹ̀ka kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n nà án sí mi.

"Dìde, wá gbẹ́lẹ̀. Mutuba ò ṣòro gbìn, ẹ̀ka rẹ̀ náà máa ń hù."

Ẹ̀yìnkùlé wọn la gbìn ín sí, ó jìnnà sí títì. Bàbá ní, "Ó yá, ka èyí náà." Mo tẹ fóònù kó mọ ibẹ̀, mo wọn ìdí rẹ̀, mo tẹ "ara rẹ̀ le".

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa tó bó èyí?"

"Ó máa tó ọdún mẹ́wàá. Mo sì ti pé mọ́kànlélọ́gọ́rin." Wọ́n nawọ́ sí aṣọ pupa kan tí wọ́n sá sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. "Ara igi tí o pa ni mo ti rí ìyẹn. Òun ni wọ́n máa fi wé mi sin. Èyí tí o gbìn yìí, tìẹ ni. Máa bomi rin ín."