Ẹ̀ka Tí Kò Tíì Gbẹ

Moshood awakọ̀ ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí igi máńgòrò tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ẹ̀yìnkùlé kó tó lè dé ọ̀dọ̀ Ṣọlápé. Apẹ̀rẹ̀ máńgòrò wà lórí rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó fẹ́ gbé èkejì, ló bá dúró. Ó wo ìtì igi náà láti ìdí títí dé orí, ó wo àwọn ewé tó ti ń rọ, ó sì rọra sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé ọ̀fọ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n gé e?"

"Àná ni, Bọ̀ọ̀dá Moshood."

Ó mi orí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì fa lẹ́tà kan yọ tó ti rún bí aṣọ tí wọ́n fi sùn. Àná ni òun ì bá ti dé, ó ní, bí kì í bá ṣe ọ̀wọ́n epo. Orí ìlà nílé epo ní Ìbàdàn ni òun sùn mọ́jú sí, pẹ̀lú ẹrù máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rọ̀ sí i lẹ́yìn ọkọ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, nítorí òun ni ìyá Ṣọlápé bẹ̀ pé kó bá òun kọ ọ́.

Lẹ́tà náà kò gùn. Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n Ṣọlápé, ni wọ́n kọ ọ́ sí. *Mo gbọ́ pé o fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí ilé ká. Má fọwọ́ kan ẹ̀yìnkùlé. Kí bàbá yín tó dákẹ́, ó sọ fún mi pé Ṣọlápé ni òun fún ní ilẹ̀ ibẹ̀ àti igi tó wà lórí rẹ̀. Mo rò pé kò tíì yá ni mi ò ṣe tíì sọ. Bi í kí o tó ṣe ohunkóhun.*

Ṣọlápé kà á tán, ó tún un kà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó sì máa ń ka ìwé ìtàn tó nípọn tán láàárín ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ìlà mélòó kan yìí kò tètè wọ orí rẹ̀.

Moshood ti ń padà lọ kó tó rántí. Ó yíjú.

"Màmá ní kí n fi ẹnu sọ èyí fún ọ. Ìwọ́ rẹ wà lábẹ́ igi yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ wà, àmọ́ ibí ni wọ́n sin tìrẹ sí."

Ọjọ́ kẹrin rèé tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Gbogbo ilé ló wò ó lórí telifíṣọ̀n Munirat, aránṣọ tó háyà yàrá iwájú, Bọ́lárìnwá ló sì pàtẹ́wọ́ jù. Bébà ló ń tà fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó ní ọjà yóò yá wàyí, ẹni tí kò bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà lásìkò yìí ti gbàgbé ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kí Ṣọlápé tó ti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń to ojú ìwé pọ̀ dé, igi ti wó. Láti ìkòríta Ládi-Lak ló ti máa ń rí orí igi náà lókè páànù àwọn ilé. Nírọ̀lẹ́ yẹn, òfuurufú lásán ló rí, ó sì kọ́kọ́ rò pé òun ti ṣìnà.

Bí Moshood ṣe lọ tán láàárọ̀ náà, Bọ́lárìnwá jáde wá tòun ti pákò lẹ́nu. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó sì yọ pákò lẹ́nu.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ló wí.

Ó jókòó lórí ìtì igi. Ó ní òun bi àwọn àbúrò bàbá àwọn, àwọn méjèèjì pátá, wọ́n sì ní kò burú. Ti Ṣọlápé kò wá sí òun lọ́kàn. Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ lónìí lọ́la, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣe? Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ó kàn sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ní òjò máa ń rọ̀ lóṣù kẹfà ni.

"Ṣọlá, mi ò lè dá igi padà," ó ní. "Àmọ́ gbọ́. Jẹ́ kí n fi ẹ̀yìnkùlé kọ́lé, kí n fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Ìwé ni kó o kó kún un. Àwọn ọmọ yunifásítì Akọ́kà á máa wá yá ìwé lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà á sì sinmi ìwé oníwé."

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ibi tó ń dùn ún. Kò sí ìwé kan tó kà rí tí kò jẹ́ pé ó yá a ni, lọ́wọ́ tíṣà kan ní àdúgbò Pedro, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ní. Ìdajì wọn kò ní ojú ìwé ìparí, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ronú bí ìtàn náà ṣe parí.

Bọ́lárìnwá ní Ikúmápàyí bíríkìlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìpìlẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Bí òun bá ti Ṣómólú dé nírọ̀lẹ́, kí Ṣọlápé fún òun lésì. Bó bá fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, òun kò ní jà. Ṣùgbọ́n iwájú ilé nìkan kò lè gbà ju ṣọ́ọ̀bù méjì lọ, méjèèjì sì ti ní ẹni tí òun ṣèlérí wọn fún; àfi bí òun bá rí ẹ̀yìnkùlé gbé ọ̀kan nínú wọn lọ ni yóò fi kan Ṣọlápé.

Nígbà tó lọ tán, Ṣọlápé kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde sí, ó sì ń rí ṣọ́ọ̀bù náà: pẹpẹ ìwé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àga kan lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Ó rí i débi pé ó ń gbọ́ òórùn bébà tuntun.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀ka kan. Láìròtẹ́lẹ̀, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Bàbá rẹ̀, Adéjìmí, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú ọgbà ni Adéjìmí ní yunifásítì Akọ́kà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Sátidé, á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò ó lórí, lọ sábẹ́ ibòji kan tí àwọn igi kéékèèké wà. Ibẹ̀ ni á ti yọ abẹ fẹ́lẹ́ látinú àpò. Á gé orí igi kékeré, á là á níwọ̀nba, á gbẹ́ ìdí ẹ̀ka igi tó ti ń so, á kì í bọ̀ ọ́, á sì fi ọ̀rá dì í. Ó ní iṣẹ́ náà lórúkọ lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó igi ni òun ń pè é. Ẹ̀ka tí wọ́n ti gé kì í kú lójijì, ó ní. Bí o bá já ewé ara rẹ̀, tí o fi aṣọ tútù wé e, yóò dúró dè ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ṣọlápé dìde. Lẹ́yìn balùwẹ̀, agolo mílíìkì ńlá mọ́kànlá wà, igi máńgòrò kọ̀ọ̀kan nínú wọn, tí kò nípọn ju bírò lọ. Kóró máńgòrò tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló rì bọlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gúáfà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti agbálùmọ̀ méjì tí kò yára dàgbà. Kò mọ ibi tó ń gbìn wọ́n lọ. Ọgbà èso kan ṣáà wà lọ́kàn rẹ̀, níbi jíjìn kan, tí odò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bíi tinú ìwé.

Àwọn obìnrin tó ra àwọn ẹ̀ka náà fún igi ìdáná ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní láti yára. Ó wá àwọn ẹ̀ka tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rúwé, ó gé wọn, ó já ewé wọn, ó sì fi ìró àtijọ́ tó ti rẹ sómi wé wọn. Munirat gbọ́ ìró ọ̀bẹ, ó yọjú tòun ti tépù lọ́rùn.

"Ṣọlápé, kí lò ń ṣe fún òkú igi?"

"Mò ń gbé e níyàwó ni."

"Áà. Igi ti ṣáájú rẹ rí ọkọ." Síbẹ̀, ó wọlé, ó sì mú àlùmọ́gàjí aṣọ rẹ̀ wá. Ó jókòó, ó ń gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti fọ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń bèèrè bóyá ìyàwó yóò wọ gèlè.

Ẹ̀ka àkọ́kọ́ ya mọ́ Ṣọlápé lọ́wọ́. Ẹ̀kejì kò bára mu. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ rántí.

Nígbà tí Bọ́lárìnwá fi máa dé, wọ́n ti kó àwọn ẹ̀ka lọ, ó ku ìtì nìkan. Agolo mẹ́sàn-án tò lórí rẹ̀, ọ̀rá bo igi kọ̀ọ̀kan lórí bí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun tí òjò ká mọ́ ìta. Ó gbé ọ̀kan, ó yí i wò títí. Òun ló máa ń gbé Ṣọlápé gun igi yẹn nígbà tó wà ní kékeré, tí á jókòó tì í lórí ẹ̀ka kí ó má baà ṣubú.

"Iṣẹ́ Bàbá nìyí," ó ní. "Ṣé á yè?"

"Òmíràn á kú."

"Ọdún mélòó kó tó so?"

"Mẹ́ta. Mẹ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀bù á ti so kí ọdún yìí tó parí."

Òótọ́ ló sọ, Ṣọlápé sì mọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní gbogbo Kérésì, Bọ́lárìnwá máa ń ní òun ń lọ sílé, Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ń wí. Ṣọlápé náà máa ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n nígbà àbọ̀, tí wọ́n bá ti dé ìkòríta, ọrùn rẹ̀ á nà, á máa wá orí igi kan lókè páànù, àyà rẹ̀ á sì balẹ̀ bó bá ti rí i. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Títí di òní, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dá a padà sáàárín àwọn yòókù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gba ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Ẹ sọ fún Ikúmápàyí pé kó má wa ilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Mo máa gbin igi sí i."