Òdo Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Apákun

Ilé ogójì ni Bọ́lájí, akẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, yà ní àdúgbò wa ní Apákun lọ́dún 1976 láti ka àwọn ọmọ tó tó iléèwé lọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló kọ òdo sí: kò sọ́mọ níbẹ̀. Àwọn ará Ire-Akari ní òdìkejì títì, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ka ọmọ tiwọn fún un geerege. Lọ́la, ní agogo méjì, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, yóò buwọ́ lùwé pé Ire-Akari ni wọ́n máa kọ́ iléèwé tuntun sí. Àwọn ọmọ tiwa yóò wá máa sáré gba títì márosẹ̀ kọjá, níbi tí mọ́tò ti kọlu Rùfáì, ọmọ àdúgbò wa, lóṣù tó kọjá.

"Bọ́lájí, ta ló wá ń fọ́ gíláàsì fèrèsé mi láràárọ̀, iwin?"

"Mo béèrè, wọn ò sọ iye kankan. Ṣé kí n wá bá wọn bí i ni?"

Ara mi ò balẹ̀. Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá Rùfáì lọ.

"Ìyá Rùfáì, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo olè. "Ìwọ náà? Ṣé Yunifásítì ò kọ́ ẹ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Ó yé mi wàyí. Wọ́n dákẹ́ ni, Bọ́lájí sì kọ òdo. Mo yí ìbéèrè padà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ àwọn tó ń lọ iléèwé?"

"Rùfáì, Ṣàmsúdéènì, Àdùkẹ́..." Ẹnu rẹ̀ ò dúró mọ́.

Ilé mẹ́sàn-án ni mo yà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó orúkọ mẹ́tàdínlógójì lọ bá ọ̀gá.

"Ilé àwọn wo lo yà?"

"Àwọn tí mo mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O lọ sí etí odò, o wá ń wí pé gbogbo ilẹ̀ ló tutù. Bọ́lájí pe ẹni tó dákẹ́ ní aláìbí. Ìwọ wá ẹni tó bímọ lọ. Èwo ni kí n gbà?"

Ojú tì mí. Ó wo aago ara ògiri. "Títí di agogo méjì, mi ò ní buwọ́ lù ú."

Mo sáré padà. Láti ilé àkọ́kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò fo ìkankan. Ní ilé kẹrìndínlógún, Àǹtí Olúfọlákẹ́, tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá nílé ọkọ, rọra dá mi lóhùn: "Mi ò tíì ní orúkọ tí mo máa fún ẹ, àbúrò." Ó ṣe mí bíi kí n fo ilé náà. Mo kọ òdo.

Nínú òdo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti Bọ́lájí, méje péré ló jẹ́ òótọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo méjì lù tí mo tẹ́ ìwé náà síwájú ọ̀gá, òógùn ń kán sí i. Ó fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé òdo ilé Àǹtí Olúfọlákẹ́, ó dúró, ó gbójú sókè wò mí. Ó kà á parí. Ó wá fa igi lé Ire-Akari, ó kọ Apákun, ó buwọ́ lù ú.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá Rùfáì kí n tó rántí pé mi ò kí ọ̀gá pé ẹ ṣé.