Ẹ Kí Oníbodè Kí Ẹ Tó Kọjá

7.

…ni ò kí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

(Ẹ má bèèrè ojú ìwé èkíní dé ìkẹfà lọ́wọ́ mi. Mìsítúrà, ìyàwó ẹni tí wọn ò kí, ti fi wọ́n nu ìkòkò epo. Èyí tó ṣẹ́ kù ni mò ń tò yìí.)

8.

Ta ni wọn ò kí? Làtíìfù ni, ará Peckham ní London, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ilé wá sú u. Ló bá lọ ń yọ̀ǹda ara ẹ̀ ní lock àtijọ́ kan lórí odò Thames, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdènà omi tó ti wà kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó dáyé.

Iṣẹ́ náà ò le. Ọkọ̀ ojú omi á wọ àárín géètì méjì, wọ́n á tì í, omi á gbé e sókè tàbí kó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ṣí i, ọkọ̀ á bá tiẹ̀ lọ.

Làtíìfù ló ń ṣí géètì.

9. Ẹ̀SÙN
(òyìnbó ló kọ ọ́, èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀)

"Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi há sínú lock. Mo bi bàbá náà bóyá géètì ti bàjẹ́. Ó ní, 'Good morning.' Mo ní géètì ni mò ń bèèrè. Ó tún ní, 'Good morning.' Ó wá ń wojú ọ̀run."

10. ÌKÉDE TÓ LẸ̀ MỌ́ GÉÈTÌ

ẸNI TÓ BÁ DÉBÍ, KÓ KÍ WA.
"Hi" kì í ṣe ìkíni.
Ọwọ́ jíjù náà kì í ṣe ìkíni.
Ẹni tó bá bá wa lẹ́nu iṣẹ́, ó di: Ẹ KÚ IṢẸ́. Ẹ gbìyànjú ẹ.
Ajá inú ọkọ̀ ò ní láti kí wa. Tó bá gbó, a ó dá a lóhùn.

11. WHATSAPP

HAMEEDAH, ọmọ ẹ̀: Daddy allow it, ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n máa sack yín o
LÀTÍÌFÙ: Volunteer ni mí. Ta ló ń lé ẹni tí kò gbà síṣẹ́?
HAMEEDAH: They'll just collect the jacket sha

(Ó ti kà á. Ó lọ wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀.)

12.

Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ pupa ni. Láti Rye Lane ní Peckham ló ti máa ń wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ kí Jímọ̀ rí.

13. ÌPÀDÉ
(wọ́n gba ohùn sílẹ̀)

JETHRO, ọ̀gá lock, ọmọ ọgbọ̀n ọdún: Mr Làtíìfù, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?
LÀTÍÌFÙ: Good morning.
JETHRO: …Good morning, sir.
LÀTÍÌFÙ: Ẹ ṣé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì. Wọ́n á gbé káàdì kan ẹ̀rọ, bíìpù. Bíìpù. Kò sẹ́ni tó wojú mi. Ó dùn mí.
MÌSÍTÚRÀ (wọn ò pè é): Jethro, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? O ti gbẹ jù.
JETHRO: Sir, bí ọkọ̀ kan bá tún dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nítorí ìkíni, ẹ ó dá jákẹ́ẹ̀tì padà.
(Ìdérí kúlà Mìsítúrà ṣí. Jethro ń jẹun.)

14.

Làtíìfù tọwọ́ bọ̀wé. Ó já ìkéde ẹ̀ kúrò lára géètì. Ó dùn ún dọ́kàn.

15. SÁTIDÉ

Ọkọ̀ kìíní: ó ṣí géètì kíá. Wọn ò kí i.
Ìkejì: fọ́tò ara wọn ni wọ́n ń yà.
Ìkẹta: ajá gbó. Ó dá a lóhùn.

16.

MÌSÍTÚRÀ: Wọ́n kí yín?
LÀTÍÌFÙ: Ajá kan ṣoṣo.

17.

Ọkọ̀ kẹrin. Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ló ń wà á. Jethro wà lórí afárá, tòun ti aago. Làtíìfù ṣí géètì. Ìyá náà ò wọlé. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń yọjú wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, níbi tó kọ nǹkan sí.

"Ẹ… kú… iṣẹ́, sà." Ó bọ́ sí òyìnbó: "Mo rí ìkéde yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aládùúgbò mi kan ní Nunhead ló kọ́ mi." Ó yẹ ọwọ́ kejì wò. "Ilé ńkọ́?"

Ọkọ̀ mẹ́fà ti tò sẹ́yìn ẹ̀.

18.

Ẹ jẹ́ n bi yín o. Ẹni tó kí yín báyìí, ṣé "ó wà" kan ṣoṣo lẹ máa fi lé e lọ? Ẹ ò ní bèèrè ọkọ? Ẹ ò ní bèèrè ọmọ? Orúnkún tó ń ro ó ńkọ́? Ìkíni gidi kì í parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Làtíìfù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jethro náà ti mọ̀.

19.

Jethro tẹ aago kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

20.

Làtíìfù bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a dáadáa, ó nà án sí Jethro. Jethro ò gbà á, kò sì ní kó wọ̀ ọ́ padà.

Làtíìfù yíjú sí ìyá náà.

"Ilé wà, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"